Ọ̀dà Pupa Tí Kò Kan Ẹnu Géètì Mi

Ọ̀mù-Àrán,
Ọjọ́ Ẹtì.

Bùkọ́lá ọmọ mi, Àjíkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo mọ̀ pé ẹnu á yà ọ́ pé ìwé ni mo kọ sí ọ. Tí mo bá gba ohùn mi sórí fóònù tí mo fi ránṣẹ́, mo mọ ohun tí o máa ń ṣe: o máa ń mú kí ohùn náà sáré bíi ti ẹni tí ajá ń lé, o ó sì ti gbọ́ ọ tán kí o tó yọ bàtà lẹ́sẹ̀. Èyí kò ṣeé sáré gbọ́. Mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò inú yáàdì mi, mo sì ti sọ fún àwọn tó ń gé búlọ́ọ̀kù pé kí ẹnikẹ́ni má pè mí, àfi tí iná bá ń jó.

Báwo ni ọkọ rẹ? Ṣé ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ báyìí? Ẹ kú ìgbádùn Òrò. Ìgbéyàwó tuntun dára, ilé tuntun náà dára, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí o ti ń ti Òrò wá síbi iṣẹ́ níbí, tí o ń gba ẹ̀yìn ọjà kọjá kí o má baà kọjá níwájú ilé mi. Ṣé o rò pé mi ò mọ̀ ni? Ìlú yìí lójú, ó tún lẹ́nu.

Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ lánàá. O ní, “Màmá, ó ti sú mi. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá gba àwọn ìwé yẹn padà lọ́wọ́ gbogbo wọn, màá sì kọ̀wé kí wọ́n gbé mi lọ sí ìlú míì.” Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo ti iyán tó wà níwájú mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo wá bírò. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé, kí o lè kà á kí ọjọ́ Mọ́ńdè tó dé. Má gba ìwé kankan padà, ọmọ mi. Fara balẹ̀ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ náà bí mo ṣe gbọ́ ọ, kí o lè mọ̀ pé kò sí ẹni tó pa irọ́ mọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n gbé ọ wá sí ọ́fíìsì ètò ìkọ́lé níbí. O rin àdúgbò wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, o rí ilé mẹ́fà tí ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wọn fẹ̀ ju bí òfin ṣe fẹ́ lọ, tí wọ́n sì fi kankéré bo gọ́tà mọ́lẹ̀. O fi ọ̀dà pupa sàmì síbẹ̀, o fún wọn níwèé kí wọ́n fọ́ èyí tó lé. Ọ̀kan nínú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà náà ni ti àbúrò bàbá rẹ, ẹni tí ìwọ ń pè ní Dáddì Èkó, tí èmi ń pè ní Akọ̀wé, nítorí ìyàwó kì í pe orúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ. Akọ̀wé bínú. Ó ní kí ẹbí pàdé lọ́jọ́ Sọ́ńdè yìí. Ó pè mí lórí fóònù pẹ̀lú, ó sì sọ ohun kan fún mi tí ìwọ kò tíì gbọ́. Màá dé bẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó débẹ̀, mo fẹ́ yìn ọ́. Mo mọ̀ pé ìyìn kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Fara dà á fún mi lónìí.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, mo sì ti ní kí wọ́n tún un sọ bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin. Wọ́n ní láàárọ̀ tí o dé ilé Akọ̀wé, o kúnlẹ̀ kí i, o jókòó, o mu omi tó gbé fún ọ. O bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Lẹ́yìn náà lo ní, “Dáddì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di ẹnu téèpù yìí mú.” Akọ̀wé, ẹni tí àwọn èèyàn ń dìde fún l'Ékòó, ó di téèpù mú! Ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé igun fẹ́ńsì, ó wọn ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ fún ọ, ó sì ń bèèrè pé, “Ṣé ó wá tó bẹ́ẹ̀ yẹn ni?” Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi fọwọ́ di ẹ̀gbẹ́ mú. Èmi ìyá rẹ, tó bá jẹ́ èmi ni, ariwo ni màá kọ́kọ́ pa láti ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n tún sọ ti omi fún mi. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò péjọ tí wọ́n ń kùn pé ìjọba kò fẹ́ kí àwọn gbé ọkọ̀ wọlé, o ní kí wọ́n gbé omi garawa méjì wá. O da ọ̀kan sórí kankéré, o da èkejì sórí ilẹ̀ tó ní koríko. Ti orí kankéré ti dé ẹnu ọ̀nà ilé kejì kí o tó gbé garawa sílẹ̀. Ti orí koríko, ilẹ̀ ti mu ún. O ní, “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ìyá mi, kò sí ẹni tó ní kí ẹ má gbé ọkọ̀ wọlé. Ibi tí ọkọ̀ kan lè gbà, kí ó fẹ̀ díẹ̀ sí i, kí omi rí ọ̀nà lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó kù, ẹ fi í sílẹ̀ fún ilẹ̀.” Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ta búlọ́ọ̀kù, Bùkọ́lá. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa sìmẹ́ńtì, kò sí ẹni tó fi garawa méjì ṣàlàyé rẹ̀ báyẹn fún mi rí.

Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú. O ò ju ọmọ ọdún méje lọ tí o máa ń tẹ̀lé omi òjò láti òkè àdúgbò títí dé odò, tí o ó padà wálé pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún. Mo nà ọ́ nítorí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Iṣẹ́ lo ń kọ́ nígbà náà, èmi ni mi ò mọ̀.

Ó yá, ó wá ku ìmọ̀ràn. Mo ti kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ká wò ó bóyá màá lè tẹ̀lé e.

Èkíní. Má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé ọ̀rọ̀ kékeré lo ń bá kiri. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, kí n tó pàdé bàbá rẹ, mo máa ń ru kankéré fún àwọn bíríkìlà n'Ílọrin. Ọjọ́ kan, ọ̀gá wa ní kí n tẹ́ ìsàlẹ̀ gọ́tà kan kí ó dà sí ìhà odò. Èmi ń kánjú, mo fẹ́ lọ wo ìran kan. Mo tẹ́ ẹ tán kíá, ó dán bí awo. Òjò rọ̀, omi sì yíjú padà, ó gba inú ilé onílé lọ. Ọ̀gá wa kò lù mí, kò bú mi. Ó ní kí n wọnú omi náà, kí n dúró síbẹ̀ kí n máa gbọ́n ọn títí yóò fi tán. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé omi kì í gbọ́ àwáwí. Tí ó bá fi ìka kan ṣoṣo ga níbi tí kò yẹ, omi á mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá ń sọ pé “kí ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan,” má bínú, má sì gbà.

Èkejì, má fi ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ pamọ́ fún ọkọ rẹ. Ọmọkùnrin yẹn lè má mọ ọbẹ̀ sè, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo fi ọ̀kan pamọ́ fún bàbá rẹ, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ó rí i lójú fèrèsé fúnra rẹ̀, ó bi mí léèrè, mo ní kí ó má tojú bọ ohun tí kò kàn án. Kò bi mí mọ́ títí ó fi kú. Ọdún mélòó la tún lò pọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Gbogbo ọdún náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún jókòó sáàárín wa.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ọ̀hún gan-an, mi ò sì ní nọ́ńbà kankan lẹ́yìn rẹ̀ mọ́.

Ọdún tí bàbá bàbá rẹ kú, ẹ̀yìn mi ni ìwọ wà. O mọ bí a ti ń ṣe nílẹ̀ wa. Tí àgbà bá kú, kì í ṣe pósí la kọ́kọ́ ń rò, ibi tí ọkọ̀ àwọn ọmọ ìlú tó ń ti Èkó bọ̀ máa dúró sí ni. Ilé tí ọkọ̀ mẹ́fà bá lè wọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ilé ọlọ́lá nìyẹn. Èmi ìyàwó ilé, oníbúlọ́ọ̀kù tí sìmẹ́ńtì kì í wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kò sí ẹni tó máa fi iwájú ilé wa ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mo da kankéré láti fẹ́ńsì dé fẹ́ńsì. Gọ́tà tó wà níwájú, mo kó òkúta kún inú rẹ̀, mo dà á lé e lórí. Àlejò dé, ọkọ̀ mẹ́jọ wọlé, wọ́n yìn mí. Akọ̀wé gan-an yìn mí ju gbogbo wọn lọ. Ó ní tí òun bá kọ́ ilé tòun, bí òun ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Kí àwọn àlejò tó padà, ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì tí ìwọ wà lónìí yìí. Ó ti dàgbà díẹ̀, ó wọ bàtà dúdú tó dán. Ó ní, “Ìyá, omi tó ń ti òkè bọ̀ kò ríbi gbà mọ́ o. Ilé tó wà nísàlẹ̀ yín ló máa lọ.” Ohùn rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀. Mo gbé omi tí mo fi ń fọ ṣọ́bìrì, mo dà á sí i lẹ́sẹ̀, bàbá rẹ ń wò mí láti ojú fèrèsé. Ó wo bàtà rẹ̀, ó wo ojú mi, ó ní, “Ẹ ṣeun, ìyá.” Ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, ó lọ. Oṣù yẹn kò parí tí wọ́n fi gbé e lọ sí ìlú míì. Kì í ṣe èmi ló ní kí wọ́n gbé e, ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbọ́, mo jó. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kò bèèrè ohunkóhun.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ ọdún náà ló wó yàrá ẹ̀yìn Ìyá Ràfátù, aládùúgbò wa tó wà nísàlẹ̀. Yàrá alámọ̀ ni, ibi tó ń kó èlùbọ́ sí. Ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tó sùn síbẹ̀. Mo sáré lọ kí i. Mo dúró nínú ẹrẹ̀, mo rí ibi tí omi gbà wá kedere, tààrà láti ẹnu géètì mi. Mo sì la ẹnu mi, mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá. Òjò ò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji rí leji ń pa.” Ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó.” Ọ̀dọ̀ mi ló ti ra búlọ́ọ̀kù tó fi tún yàrá náà kọ́. Mo fi díẹ̀ ta á lọ́rẹ. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó gbàdúrà fún mi, ó gbàdúrà fún ìwọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn. Bùkọ́lá, láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ru àdúrà yẹn kiri, ó sì wúwo ju gbogbo kankéré tí mo rù nígbà ọmọge lọ.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi da tèmi síwájú, ẹlòmíì ló ń tẹ̀ ẹ́. Títí di òní, bí òjò bá ti ṣú, Ìyá Ràfátù á máa to àpò iyanrìn sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún báyìí. Mo máa ń rí i láti ojú fèrèsé mi, màá sì fa kọ́tìnnì.

Nítorí náà, tí o bá sọ fún mi pé o fẹ́ kí wọ́n gbé ọ lọ, mo mọ ohun tó máa ń tẹ̀lé e. Mo ti jẹ àǹfààní rẹ̀ rí. Ẹni tó máa rọ́pò rẹ kò ní bèèrè, ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà á fi ọ̀dà funfun pa ọ̀dà pupa rẹ́, omi á sì máa wá ilé ẹni tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ẹni tí o ń rán mi létí rẹ̀ tó ọkùnrin oníbàtà dúdú yẹn. Ó bà mí lọ́kàn jẹ́ pé mo jó nígbà tí wọ́n lé irú ẹni bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run sì tún bí irú rẹ̀ sínú ilé mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí Akọ̀wé sọ fún mi wá nìyí. Ó ní, “Ìyàwó wa, mo gbà. Èmi náà wà níbẹ̀ nígbà tí a wọ̀n ọ́n, tèmi fẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n tìrẹ ti wà kí tèmi tó wà, tìrẹ ni mo wò ṣe tèmi. Ṣé téèpù ọmọ wa kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni?”

Mo sọ̀rọ̀ sí i bí kò ṣe yẹ kí ìyàwó sọ̀rọ̀ sí ọkọ. Nígbà tí mo pa fóònù, mo jáde síta. Mo wo ilé apá ọ̀tún, ọ̀dà pupa. Mo wo ilé apá òsì, ọ̀dà pupa. Tiwa ń dán láàárín wọn bí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Kí n má purọ́ fún ọ: ọjọ́ tí o kun ti àwọn yòókù, tí o kọjá tèmi, inú mi dùn. Mo gbá iwájú ilé, mo ń kọrin. Mo ní ọmọ mi mọ ìyá rẹ̀.

Gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé o ò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Èmi nìkan ló mọ̀ pé ẹnìkan wà tí o bẹ̀rù. Kì í ṣe Dáddì Èkó lo ń sá fún, Àjíkẹ́. Èmi ni. O ti wo kankéré mi, o mọ ohun tó yẹ kó o ṣe, kò sì ṣeé ṣe fún ọ láti wo ojú mi kí o ṣe é. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo rí nínú iṣẹ́ rẹ nìyẹn, èmi ni mo sì fà á. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bí o bá fọ́ tèmi, kò sí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yìí tó máa tún lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ìwọ má wá sí ìpàdé ọjọ́ Sọ́ńdè. Èmi ni màá kọ́kọ́ dìde sọ̀rọ̀ níbẹ̀, mo sì mọ ohun tí màá sọ. Akọ̀wé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ń dúró de ẹni tó máa ṣáájú rẹ̀ ni.

Mo ti bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹbí. Láàárọ̀ yìí, nígbà tí òjò dá, mo lọ sílé Ìyá Ràfátù. Àpò iyanrìn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà, mo ní láti gbé ẹsẹ̀ lé e kọjá. Ó jókòó sórí ẹní, ó ń ka tẹ̀sùbáà. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: òkúta tí mo kó sínú gọ́tà, ọkùnrin tí mo da omi sí lẹ́sẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò tí mo fi tàn án jẹ. Mo sọ ọ́ tán, mi ò lè gbé ojú sókè.

Ìlẹ̀kẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Mo rò pé ó máa lé mi jáde.

Ó ní, “Ìyá Bùkọ́lá, ọ́n á wá fọ́ ọ báyìí?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá.”

“Ọmọ ẹ ni á wá wọ̀n ọ́n?”

Mo ní, “Tó bá gbà, òun ni.”

Ó ní, “Ó dáa. Sọ fún un kí ọ́n má fọ́ ọ tán o. Ẹsẹ̀ ń dùn mí, n ò lè fo gọ́tà mọ́. Kó ṣẹ́ ibi tí n óò máa gbà wá kí ọ kù.”

Ẹkún ni mo fi dá a lóhùn. Mo sunkún bí ọmọdé lórí ẹní rẹ̀.

Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọmọ mi. Wọ̀n ọ́n fún un.

Èmi ni ìyá rẹ, tí o kò gbọdọ̀ bẹ̀rù mọ́.